Ẹ̀yin Mélòó Ni?

Ọdún 35 ni mo fi ṣe tíṣà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Iléṣà. Bí ẹ bá bi mí pé kí ni mo mọ̀ ọ́n ṣe jù nínú iṣẹ́ náà, ọmọ kíkà ni. Nígbàkúùgbà tí a bá kó àwọn ọmọ jáde lọ wo ọgbà ẹranko inú Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, tàbí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, tàbí omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, èmi ni mo máa ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì, tí mo ń kà wọ́n wọlé, tí mo ń kà wọ́n sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n tíṣà tí kò bá kà á, ọlọ́mọ ni yóò wá kà á fún un nírọ̀lẹ́. Mo ti lọ sí Olúmirin, yóò tó ogún ìgbà, n kò sì lè sọ bí omi náà ṣe rí gan-an fún yín. Orí ọmọ ni mo ń wò.

Èmi alára kò bímọ. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ ni, kí a sì kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Kissimmee, ìlú kan lẹ́bàá Orlando ní Florida, ní kí n wá sinmi lọ́dọ̀ òun. Físà jáde, mo sì lọ nínú oṣù July. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo débẹ̀ ló fi tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ méjì lé mi lọ́wọ́, ti Walt Disney World, ọgbà eré ńlá kan nítòsí wọn. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan ṣoṣo níbẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún dọ́là lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ sí náírà fúnra yín. Iṣẹ́ kò jẹ́ kí òun àti ìyàwó rẹ̀ ráàyè tẹ̀lé mi, àwọn ọmọ wọn méjèèjì sì ti di géńdé, wọ́n ní ọgbà náà ti sú àwọn láti kékeré. Ìyàwó àbúrò mi ronú títí, ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká bẹ ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa kó yá wa ní ọmọ rẹ̀ kan. Ẹ ó kàn mú un dání ni." Kò fi bú mi o. Àánú mi ló ṣe é.

Mo ní rárá, màá dá lọ. Kí n tó mọ̀, ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu mi.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Òkèsà ní Iléṣà lálẹ́ ọjọ́ náà. "Ìwọ nìkan? Níbi eré ọmọdé? Bí wọ́n bá ní ọmọ rẹ dà, kí lo máa wí?" Mo ní màá ní ó lọ tọ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

Mo ro ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi títí oorun fi gbé mi lọ. Lọ́dọ̀ wa, obìnrin lè dá lọ sọ́jà, ó lè dá lọ sóko, ó lè dá lọ sí ọsibítù kó sì dá sùn níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní bi í ní nǹkan kan. Ó di ìgbà tó bá fẹ́ gbádùn ara rẹ̀ kí wọ́n tó bi í pé ta ló bá a lọ. Bí ọmọ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti rí ohun wí: nítorí ọmọ ni. Ẹnì kan kì í jẹ́ àwá dé, mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ wò ó bóyá ẹnì kan lè jẹ́ èmi dé.

Ọgbà yẹn kì í ṣe ọgbà bí a ṣe ń pe ọgbà. Ilẹ̀ rẹ̀ súnmọ́ 25,000 éékà. Ọgbà eré mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, ọgbà omi méjì, òtẹ́ẹ̀lì lọ súà, bọ́ọ̀sì tirẹ̀ sì ń gbé èèyàn káàkiri lọ́fẹ̀ẹ́. Magic Kingdom ni àkọ́kọ́ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọjọ́ kìíní oṣù October, 1971 ló ṣílẹ̀kùn. Ọdún mẹ́rin ni mo fi jù ú lọ. Ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ.

Ọkọ̀ ara ẹni kì í gbé èèyàn dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àbúrò mi já mi sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ ńlá kan tí adágún omi wà láàárín òun àti ọgbà. Ẹ̀ṣọ́ tó yẹ báàgì mi wò bá àkàrà nínú ike. Ó gbé e sókè, ó ní kí ni. Mo ní ẹ̀wà ni. Ó wò ó, ó wò mí. Wọn kì í ní kí èèyàn má mú oúnjẹ wọlé, bí kò bá ti sí ìgò tàbí ọtí níbẹ̀, torí náà ó dá a padà, ó ní ó mà ń ta sánsán o. Mo wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá, nítorí mo fẹ́ máa rí ibi tí mo ń lọ kí n tó débẹ̀.

Níwájú ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ gùn, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń to èèyàn béèrè pé, "Ẹ̀yin mélòó ni?"

Mo bojú wẹ̀yìn.

Ẹ bá mi wò ó. Ọdún 35 ni wọ́n fi ń bi mí ní ìbéèrè yẹn, ní ẹnu ọ̀nà ọgbà ẹranko, ní ẹnu ọ̀nà mùsíọ́ọ̀mù, ìdáhùn mi kò sì fi bẹ́ẹ̀ kéré sí ogójì rí. Mo na ìka kan. Ọmọ náà ò tilẹ̀ wò mí lẹ́ẹ̀mejì. Ó nawọ́ sí ìlà kejì, ó di, "Ẹ máa bọ̀ níbí, mà."

N kò ní parọ́, wákàtí méjì àkọ́kọ́ kò dùn. Oòrùn Florida nínú July kò yàtọ̀ sí ti March wa, ọ̀rinrin inú rẹ̀ ló tún pọ̀ jù. Ibi gbogbo kún fún bàbá, ìyá, ọmọ inú kẹ̀kẹ́, ìyá àgbà tó wọ ẹ̀wù kan náà pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀. Mo ń rìn kíákíá, mo ń wo ọ̀tún wo òsì. Òṣìṣẹ́ kan dá mi dúró, ó rọra béèrè bóyá ọmọ mi ló sọnù. Ìrìn mi ló fi hàn án! Ìrìn ẹni tó ń wá ọmọ ni mò ń rìn, n kò sì mọ ìrìn mìíràn rìn ní irú ibi bẹ́ẹ̀.

Mo ní rárá, pé èmi nìkan ni, pé ìgbà àkọ́kọ́ mi nìyí. Ó mú mi lọ sí ọ́fíìsì kan lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì fún mi ní báàjì róbótó lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tó ń sọ fún aráyé pé àlejò tuntun ni mí. Mo kọ́kọ́ tijú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti fi há àyà, kò sí òṣìṣẹ́ tí mo kọjá tí kò kí mi káàbọ̀. Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀ṣà mọ̀ pé a fẹ́ràn kí wọ́n kí wa.

Nítòsí ibẹ̀ ni mo ti rí bẹ́ǹṣì kan tí ère ọkùnrin arúgbó kan jókòó sí, tó di eku eléré wọn kan, Minnie, lọ́wọ́ mú. Roy Disney ni, ẹ̀gbọ́n Walt Disney, ẹni tó kọ́kọ́ ro ọgbà náà. Walt kú ní 1966 kí wọ́n tó kọ́ ibẹ̀ rárá. Ẹ̀gbọ́n yìí, tó yẹ kó ti lọ sinmi, ló sún ìfẹ̀yìntì rẹ̀ síwájú kó lè parí iṣẹ́ àbúrò rẹ̀. Òun ló ní kí wọ́n fi orúkọ Walt kún orúkọ ọgbà náà, kó má jẹ́ Disney World lásán. Ọgbà ṣí ní October, òun náà sì kú ní December ọdún yẹn. Mo dúró síbẹ̀ pẹ́. Ẹni tó ti dá àbúrò tọ́ rí yóò mọ ìdí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì kò tíì tán o. Walt fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé orí bẹ́ǹṣì ni èrò ọgbà eré ti wá sí òun lọ́kàn. Ó máa ń mú àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì lọ síbi ẹṣin onígi tó ń yí po ní Griffith Park, ní Los Angeles. Àwọn ọmọ á máa gùn ún, òun á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á máa jẹ ẹ̀pà. Ló bá rò ó pé ó yẹ kí ibì kan wà tí bàbá àti ọmọ yóò ti jọ ṣeré. Láti ibẹ̀ ni Disneyland ti California ti jáde ní 1955, kó tó wá kan ti Florida.

Ẹ̀pà àti bẹ́ǹṣì. Mo mọ bẹ́ǹṣì yẹn. Mo jókòó sórí rẹ̀ ní Ifẹ̀, mo jókòó sórí rẹ̀ ní Ẹ̀rìn, pẹ̀lú báàgì ogójì ọmọ lẹ́sẹ̀ mi.

Mo dìde, mo lọ gun ẹṣin. Irú ẹṣin onígi bẹ́ẹ̀ wà nínú Magic Kingdom, wọ́n gbẹ́ ẹ ní 1917, ó ju ìyá mi lọ dáadáa. Àǹkárá gígùn ni mo wọ̀, torí náà ẹ̀gbẹ́ ni mo jókòó sí bí ìyàwó tí wọ́n fi ọ̀kadà gbé. Ọmọkùnrin kékeré kan lórí ẹṣin ẹ̀gbẹ́ mi ń wò mí tìyanutìyanu. Mo juwọ́ sí i. Ó juwọ́ padà. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn ọgbà irin, ó ń ya fọ́tò, báàgì márùn-ún lọ́rùn.

Àwọn yòókù ọjọ́ yẹn, ẹ jẹ́ n fò wọ́n. Mo wọ ọkọ̀ kan, mo wọ òmíràn, mo jẹ àkàrà mi lábẹ́ igi, mo gba omi tútù lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìsọ̀ oúnjẹ wọn. Ẹ sáà ti béèrè, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Bàtà tuntun ni mo wọ̀, ó sì bó mi lẹ́sẹ̀. Tíṣà tó ń sọ fún òbí lọ́dọọdún pé kí wọ́n má wọ bàtà tuntun fún ọmọ níjọ́ ìrìn-àjò!

Alẹ́ ló wá burú. Wọ́n máa ń yin iná aláràbarà sójú ọ̀run lókè ilé ńlá tó rí bí ààfin. Ọ̀run pupa, ó di ewé, ó di wúrà, gbogbo àwọn bàbá gbé ọmọ kọ́ ọrùn. Mo yíjú sí ẹ̀gbẹ́ láti sọ pé, "Ẹ wo ìyẹn!", kò sì sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún. Ó dùn mí. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ dá lọ mọ̀ pé ibẹ̀ ni yóò ti dùn ún, kì í ṣe nídìí ẹṣin, kì í ṣe lórí ìlà, níbi ohun tó bá rẹwà jù lọ ni. Ohun tí mo ṣe sí i ni pé mo gbé fóònù sókè, mo sì ya fídíò rẹ̀ títí láti fi ránṣẹ́ sí Òkèsà.

Bátìrì bá kú.

N kò mọ nọ́ńbà àbúrò mi lórí. A ò fi ibì kan pàtó pàdé sí. "Ẹ pè mí tẹ́ ẹ bá jáde" la wí. Mo sọdá adágún, mo dúró láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn àti mọ́tò, mi ò rí i. Mo dúró, mo rìn, mo padà síbi tí mo ti dúró. Ó tó wákàtí kan kí òun fúnra rẹ̀ tó rí mi, nípa àǹkárá mi. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Èmi yìí kan náà ni mo máa ń so káàdì mọ́ ọrùn ọmọ iléèwé, tí mo ń kọ nọ́ńbà òbí sẹ́yìn rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó àbúrò mi kò sọ̀rọ̀ kankan. Ó kọ nọ́ńbà àwọn méjèèjì sórí káàdì, ó fi okùn sí i, ó fi kọ́ mi lọ́rùn, ó sì ki páwà báńkì bọ inú báàgì mi.

Ọjọ́ kejì ni mo tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo wọ kánfáàsì àtijọ́ àti ṣòkòtò, báàgì kékeré kan tó lè wà lára mi nígbàkúùgbà, torí ẹni tó dá lọ kò ní ẹni tí yóò bá a di báàgì mú bó bá fẹ́ tọ̀. Animal Kingdom ni mo lọ, èyí tí wọ́n ṣí ní 1998. Mo débẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣílẹ̀kùn. Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé wa wọ inú pápá lọ wo erin, àgùnfọn, erinmi àti kìnnìún. Ẹranko gidi ni gbogbo wọn. Wọ́n kọ èdè Swahili sára ògiri ibẹ̀, wọ́n jẹ́ kí páànù dógùn-ún, kó lè jọ Áfíríkà. Òyìnbó ń ya páànù tó dógùn-ún ní fọ́tò. Mo ní káàsà, òrùlé Iléṣà ìbá sọ wá di olówó.

Òkè àtọwọ́dá kan wà níbẹ̀, Expedition Everest, wọ́n ṣí i ní 2006, ó ga súnmọ́ 200 ẹsẹ̀ bàtà. Ọkọ̀ ojú irin ló ń gun òkè náà, tó sì ń já bọ̀. Mo dúró sísàlẹ̀, mò ń gbọ́ igbe. Ìlà rẹ̀ gùn, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ti ẹni tó dá wá ni. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: èèyàn méjì méjì ló ń jókòó nínú ọkọ̀. Bí ẹbí kan bá jẹ́ mẹ́ta tàbí márùn-ún, ìjókòó kan á ṣófo, wọ́n á sì mú ẹnì kan láti ìlà àwọn àdánìkanlọ fi dí i. Mo wọlé, mo kọjá lára àwọn tó ti ń dúró láti àárọ̀, mo ń sọ "ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú" lédè Yorùbá láìmọ̀. Kò pẹ́ ni wọ́n bi mí pé mélòó. Mo na ìka mi sókè fatafata.

Ọmọbìnrin kan, yóò tó bí ọdún mẹ́rìnlá, ni wọ́n fi mí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ wà níwájú wa. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀ sápò. Mo bọ́ tèmi. Ọkọ̀ gbéra, ó ń gòkè, ó ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀, mo rí ọgbà nísàlẹ̀ bí oko tí a wò látorí àpáta. Nígbà tí a dé òkè téńté, irin ọ̀nà ti fà ya níwájú wa! Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ta ló sọ fún mi? Ọkọ̀ dúró díẹ̀, ẹ̀yìn ló sì gbà sáré wọ inú òkùnkùn. Mo pe Jésù. Mo pe ìyá mi. Bí a ṣe tún yọ síta tí a já wálẹ̀ ṣòò, mo rí i pé mo ti di apá ọmọ náà mú pinpin, bí mo ṣe máa ń di ti ọmọ tó fẹ́ sáré kọjá títì ní Atakúmọ̀sà. Mo yáa ju apá rẹ̀ sílẹ̀, mo ń tọrọ àforíjì. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín débi tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun náà di ẹ̀wù mi mú.

Mo tún un gùn. Mo tún tún un gùn. Bàbá bàbá mi ṣe Òṣómàáló, ó ta aṣọ láwìn kiri ilẹ̀ Hausa, òun sì ni ẹni tó ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Àbúrò mi ti san dọ́là. Òṣó ni mo ló sídìí òkè yẹn, mo gba owó rẹ̀ padà.

Lọ́sàn-án, òjò Florida ṣú, mànàmáná bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, wọ́n sì dá àwọn eré ìta dúró. Àwọn ẹbí ń jà: ọ̀kan fẹ́ lọ ilé, ọ̀kan fẹ́ dúró, ọmọ ń ké. Èmi bi ara mi pé kí la fẹ́ ṣe, mo dá ara mi lóhùn, ó parí. Mo wọ bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ lọ sí òtẹ́ẹ̀lì wọn kan, Animal Kingdom Lodge, nítorí wọ́n ní àgùnfọn ń jẹ koríko lábẹ́ fèrèsé ibẹ̀. Mo wọ gbọ̀ngàn, ohun tí mo sì rí níbẹ̀ ni Ijele, eégún ńlá àwọn Ìgbò, tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 16. Eégún tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àṣà aráyé ní 2009! N kò dé Anambra rí láyé mi. Mo jókòó sí ìdojúkọ rẹ̀, mo jẹ àkàrà tó kù.

Ọkùnrin kan tó ń gbálẹ̀ béèrè ibi tí mo ti wá. Mo ní Nàìjíríà. Ó nawọ́ sí Ijele, ó ní, "Èèyàn yín nìyẹn?" Ó ṣe mí bíi kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Ìgbò àti Ìjẹ̀ṣà fún un. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi ni.

Mo délé nínú August. Ẹ̀gbọ́n mi wo fídíò iná náà tán, kò bi mí léèrè ọmọ mọ́. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé ṣé ẹṣin yẹn lè gbé ẹni tí orúnkún ń dùn. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì kò fara mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ní bí owó bá wà lọ́wọ́ òun, ọmọ òun ni òun máa fi rán lọ. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Òmíràn tẹ̀lé mi jáde, ó rọra béèrè pé ṣé lóòótọ́ ni wọ́n kì í lé àgbàlagbà.

Nínú November, nígbà tí òjò ti ń lọ, mo wọ mọ́tò ní Iléṣà lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan. Ìtàn ìlú náà sọ pé obìnrin ló rí omi yẹn, Akínlà, ọmọ-ọmọ Odùduwà, ní 1140. Ìpele méje ni omi náà fi ń já bọ́ láti orí àpáta. Ìpele àkọ́kọ́ ni mo mọ̀. Nínú ogún ìgbà yẹn, n kò jẹ́ kí ọmọ kankan kọjá ibẹ̀, torí òkúta ń yọ̀.

Ọkùnrin tó ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà wo ẹ̀yìn mi, ó ń wá bọ́ọ̀sì. Ó mọ̀ mí. "Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ̀yin mélòó ni lónìí?"

Mo na ìka kan sí i.

Ó ní, "Ṣé àwọn yòókù ń bọ̀ lẹ́yìn ni?"

Mo sanwó, mo so okùn kánfáàsì mi le. Ní ìpele kìíní, àwọn ọmọ iléèwé kan ń ta omi síra wọn, tíṣà wọn jókòó sórí òkúta pẹ̀lú òkè báàgì. Mo kí i, ó kí mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gun òkè náà díẹ̀díẹ̀. Ariwo àwọn ọmọ ń jìnnà, ti omi ń pọ̀ sí i. Ìpele kejì kò jọ ti ìsàlẹ̀ rárá, ó rọra ń ṣàn gba inú igi kọjá, òtútù rẹ̀ sì mú wọ eegun. Mo bọ́ bàtà, mo ki ẹsẹ̀ bọ inú rẹ̀, mo gbójú sókè wo ibi tí ìkẹta ti ń já bọ̀.